Ṣé ìwọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi bí ni?

Ọdún kẹjọ mi ní Leeds, nílùú ọba, ni bàbá mi kú, mo sì wá sílé wá sin wọ́n n'Íbàdàn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "O ò gbọdọ̀ yáwó sin mí o, fowó yẹn sanwó ilé ìwé àbúrò ẹ." Ìgbà tí mo fi máa dé agbo ilé, wọ́n ti yan aṣọ ẹbí, wọ́n ti bá ẹlẹ́ran sọ̀rọ̀ màlúù, owó yíyá ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe é. Mo ní rárá. Gbogbo ilé dákẹ́, bàbá kékeré wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní "Ṣé ìwọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi bí ni?"

Ó dùn mí gan-an. Ìmọ̀ nípa ìwà ọmọ èèyàn ni mo lọ kà ní Leeds, mo sì fẹ́ràn John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ́ ní 1859 pé tí ohun téèyàn ń ṣe ò bá ti pa ẹlòmíì lára, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá mú un, pé kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń ni èèyàn lára, ẹnu aráàlú náà ń ṣe é, ó tiẹ̀ lè burú ju tìjọba lọ torí kò síbi téèyàn máa sá gbà. Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mo ṣì gbà á gbọ́.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti màámi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n wá ń sọ fún mi. Àǹtí tó pariwo jù, tó ní mo ti di òyìnbó, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún bàbá láràárọ̀ odidi oṣù méjì. Bàbá kékeré tó bú mi, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi pọn bàbá sọ̀kalẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọn ò rí mọ́tò. Èmi ńkọ́? Mo fowó ránṣẹ́. Mo ń wo ọwọ́ màámi nínú ẹ̀wà yẹn, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí ní Leeds pé bàbá ti lọ, mo ké, ògiri ilé wa ò nípọn, ará ilé kejì gbọ́, ó rẹ ohùn tẹlifíṣàn ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó mọ̀ nìyẹn. Kò kanlẹ̀kùn.

Ifeanyi Menkiti, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 1984 pé àwùjọ ló ń sọ èèyàn di èèyàn. Kwame Gyekye, onímọ̀ bíi tiẹ̀ tó jẹ́ ará Gánà, ní Menkiti ti àṣejù bọ̀ ọ́, pé inú àwùjọ lèèyàn wà lóòótọ́ àmọ́ ó lè dìde kó ní ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí ò dáa. Ẹ̀yìn Gyekye ni mo wà. Ṣebí àwọn àgbà tó ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé náà ló ní kò sóòṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá fi ohùn bàbá sétí wọn. Bàbá kékeré ní kí n tún un fi sí i. Wọ́n jáwọ́ nínú màlúù, aṣọ ẹbí ò yẹ̀, mo sì ra tèmi. Àǹtí ló mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní Bẹẹrẹ, ó ní kó fàyè sí i díẹ̀, pé mo máa sanra kí n tó padà.