Bọ́tìnì Tó Kó Sínú Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́

Ìdọ̀bálẹ̀ ló kó bá mi. Bàbá ìyàwó mi ń ṣe ọjọ́ìbí 70 ọdún n'Íléṣà, nílé wọn tó wà nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Àna tí kò bá sì fàyà balẹ̀ dáadáa nínú ẹbí yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Mo nà gbalaja. Bí mo ṣe ní kí n dìde báyìí, bọ́tìnì àyà aṣọ mi já, pàù! Ó gba orí Bàbá kọjá, ó kó sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ìyá ìyàwó mi. Aṣọ là gbàgà, ohun tó ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yọjú sáyé.

Ìyá fi ṣíbí yọ bọ́tìnì. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Bàbá Tolú, ọmú yín mà ju tèmi lọ o."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. À bá sì fi mọ síbẹ̀, àfi àbúrò ìyàwó mi, tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì n'Ífẹ̀.

"Ẹ má fi Bọ̀dá ṣẹ̀sín. Aromatase ni."

Ó ní énsáìmù kan, èròjà tó ń yí nǹkan padà nínú ara, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀rá ara, òun ló sì ń sọ testosterone, họ́mónù ọkùnrin, di estrogen, họ́mónù obìnrin. Kò sí ọkùnrin tí kò ní in, kódà egungun wa nílò estrogen díẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ aromatase ń pọ̀ sí i, bó bá yá, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́! Ó ń nàka sí mi lára bí alápatà tó ń polówó ẹran.

Ẹ wá wo àwọn bàbá tó jókòó. Kálukú ń fa agbádá bo àyà.

Ìyá ní, "Àwa tí a ò ṣe nǹkan oṣù mọ́ ńkọ́?"

"Mọ́mì, ilé ẹyin yín ti fẹ̀yìn tì. Inú ọ̀rá ni aromatase ti ń ṣe estrogen tiyín báyìí. Òun náà ni wọ́n ń fi oògùn tó ń jẹ́ letrozole dí lọ́wọ́ fún àwọn ìyá tí irú jẹjẹrẹ ọmú tí estrogen ń bọ́ bá ń bá jà."

"Ọ̀rá tèmi?" Ìyá fọwọ́ kan ìbàdí. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi ni mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kọjú sí mi.

"Ẹ gbé iyán iwájú Bàbá Tolú kúrò. A ò ní máa bọ́ aromatase nínú ilé yìí."

Iyán Ìjẹ̀ṣà o! Tó ṣì ń rú èéfín, tí mo ti fọkàn sí láti Ifẹ̀! Akẹ́kọ̀ọ́ wa ló nawọ́ gbà á. Ó bu òkèlè ńlá, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, èmi ò tíì lọ́ràá lára."