Ẹni tó ń tà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ

Bí àwọn olóṣèlú wa bá ti pariwo "deregulation", ohun méjì ni wọ́n máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra: kí ìjọba ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn láti wá tajà, àti kí ìjọba gbọ́wọ́ kúrò lórí iye tí wọ́n ń tà á. Mo ti jẹun nídìí àkọ́kọ́. Èkejì ló ń jẹ mí lówó báyìí.

Kó tó di ọdún 2001, NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ọjà fóònù Nàìjíríà mú. Lóṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba gbé ìwé àṣẹ GSM sí gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn nìyẹn. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà fún wa nígbà náà: sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 61, owó ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Màmá kan á máa bá ọmọ rẹ̀ l'Ékòó sọ̀rọ̀, ojú mi ò ní kúrò lára fóònù. Tó bá ti di 50, mo ti fọwọ́ kàn án léjìká: "Mà, ẹ dágbére fún un o!" Ọ̀pọ̀ "ó dàbọ̀" ni ò parí.

Ọdún 2003 ni Glo dé, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù náà fi ń kà á bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ kí oníbàárà òun sá lọ?

Ṣùgbọ́n rẹfirí wà lórí pápá o. Lọ́dún 2015, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ fóònù, bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN lórí, nítorí síìmù tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa (wọ́n padà dín in kù sí bílíọ̀nù 330). Lọ́dún 2025, àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ fi ohun tó ju ìdá 100 nínú 100 lọ lé owó ìpè. NCC ní kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú 100 lọ.

Ẹ wá wo epo bẹntiróòlù. Ní May 29, 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi máa di July, lítà kan ti di náírà 617 l'Abújà. N kò sunkún owó ìrànwọ́ yẹn, àwọn onífàyàwọ́ tó ń gbé epo lọ sí Kútọnu ló jẹ èyí tó dùn níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà náà, ẹni tó máa bá NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, figagbága kò tíì sí. Àwọn alágbàtà díẹ̀ tó gbìyànjú láti kó epo wọlé ò rí dọ́là. September 2024 ni bẹntiróòlù Dangote tó jáde. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ti gbọ́wọ́ kúrò lórí iye epo kí olùdíje gidi tó yọjú.

Mítà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo wá ńkọ́, ta ló ń ṣọ́ ọ? Láìpẹ́ yìí, mo ra lítà 10 sí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fíríísà ẹja mi. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tí mo gbé lọ ò kún dé ọrùn. Mo fi han ọmọ tó ń ta epo.

"Mọ́mì, mítà la ń wò o, a kì í wo kẹ́ẹ̀gì."