Ohun tí òròmọdìẹ mẹ́rin kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, òkun o. Ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè pé ìgbà wo ló yẹ kí òun da adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ mọ́ àwọn ìyókù. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, torí kí èmi tó mọ ìdáhùn rẹ̀, òròmọdìẹ mẹ́rin ló bá a lọ.

Lẹ́yìn ilé wa ní Kabba ni. Adìẹ dúdú kan sàba lé ẹyin 13, ọjọ́ 21 pé, ó pa 11. Inú mi dùn débi pé mo kó òun àtọmọ lọ sí ilé ìdáná àtijọ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí àṣá má baà rí wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi bọ́ wọn níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbó díẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí mo wá ṣílẹ̀kùn, tí mo da gbogbo wọn sáàárín agbo, kí n tó bu omi dé, ẹ̀jẹ̀ ti wà lórí àwọn méjì. Ìyá wọn ńkọ́? Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọ̀kan sá wọ abẹ́ rẹ̀, òun gan-an ló fi àgógó gún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mẹ́rin ti kú.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé yèyé adìẹ kì í gbèjà ọmọ títí. Tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn, torí ó fẹ́ padà sídìí yíyé. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ti sọ idà sílẹ̀ ni èmi kó ọmọ lọ ojú ogun.

Ipò yèyé adìẹ náà fúnra rẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Nínú agbo adìẹ, olúkúlùkù ló mọ ẹni tí òun ń yà fún nídìí oúnjẹ. Ẹni tó jókòó lórí ẹyin fún ọjọ́ 21, tó tún wá fara pamọ́ ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n ti pín ipò rẹ̀. Ẹ má sì rò pé àwọn àgbà inú agbo ló ń dààmú àlejò jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n lè jù lọ. (Mo ti rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú.)

Ìyá kan ládùúgbò wa, tí a ń pè ní Iye, wá kí mi, ó wo òkú òròmọdìẹ, ó mi orí.

“Ta ló ní kí o gbé wọn pamọ́? Ìwọ lo sọ wọ́n di àlejò.”

“Iye, ẹ̀rù àṣá ló bà mí.”

“Ṣé o ò ní àgò ni?”

Àgò, agbọ̀n oníhò tí a fi ń dé adìẹ, ni mo ń lò láti ìgbà náà. Láti bí ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti pa, mo máa ń dé àgò lé ìyá àtọmọ láàárín àgbàlá, níbi tí gbogbo agbo ti ń kọjá. Wọ́n ń rí ara wọn, wọn ò lè fọwọ́ kan ara wọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ṣí i nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó kù ti yó. Gbangba ìta ni o, ẹ má ṣe é nínú ilé adìẹ tó há. Èmi a gbé àpótí, màá jókòó tì wọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é báyìí, adìẹ pupa kan sún mọ́ àwọn ọmọ. Ìyá wọn na apá méjèèjì kanlẹ̀, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ dìde, ó di ìlọ́po méjì ara rẹ̀. Wọ́n fò mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, àyà lu àyà. Pupa yí ẹ̀yìn padà. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá là wọ́n, ọ̀la ni wọn ì bá tún bẹ̀rẹ̀. Àyàfi tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ káwọ́ gbera.

Ẹ bu oúnjẹ sí ojú méjì tó jìnnà síra. Tí ẹ bá ń ra layers mash fún àwọn tó ń yé, ẹ má jẹ́ kí òròmọdìẹ máa bá wọn jẹ ẹ́: calcium inú rẹ̀ tó bíi 3.5 sí 4 nínú 100, ọmọ kò sì nílò ju bíi 1 lọ. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Àgò yẹn náà ló tún gbà mí: mo gbé e lé òkúta mẹ́ta, mo fi oúnjẹ ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Òròmọdìẹ ń gba abẹ́ wọlé, àgbà á ti orí bọ̀ ọ́, èjìká á há.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ra ìyá àtọmọ láti ibòmíràn ni, ká ní Ìsánlú tàbí Ẹgbẹ̀, ó kéré tán kí wọ́n dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin ló dára jù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí lúkúlúkú (àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle) ń jà. Ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún agbo yín kí wọ́n tó dé. Ẹ tú abẹ́ apá ìyá wò bóyá iná adìẹ, àwọn kòkòrò kéékèèké ara adìẹ, wà níbẹ̀.

Lálẹ́, ìyá yóò máa bá wọn sùn sílẹ̀, torí wọn ò tíì lè gun igi. Ẹ dé àgò lé wọn. Lọ́jọ́ kan yóò fi wọ́n sílẹ̀, yóò fò gun igi lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ké fún alẹ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sì kó ara wọn jọ sí ibi tí àgò máa ń wà. Ẹ má tíì gbé àgò yẹn kúrò.