Má jẹ́ kí find wọ node_modules rárá

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó jókòó ti tẹ́mínà, tó ń retí fáìlì kan ṣoṣo, tí find, àṣẹ tó ń bá wa wá fáìlì, sì wà nínú node_modules, fódà tí kóòdù àwọn ẹlòmíì tí iṣẹ́ JavaScript ń lò máa ń wà, tó ń tú ibi tí ẹni náà fúnra ẹ̀ ò kọ nǹkan kan sí. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò rèé:

find . -name "*.js" -not -path "*/node_modules/*"

Èsì ẹ̀ máa mọ́ lóòótọ́, àmọ́ find ṣì wọ inú fódà yẹn o, ó yẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kàn tẹ̀ ẹ́ jáde ni, ìdí tí kò fi yá nìyẹn. Tó ò bá fẹ́ kó wọlé rárá, -prune ni kó o lò:

find . -name node_modules -prune -o -name "*.js" -print

Tó bá ti kan node_modules, -prune á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù á wá bọ́ sí apá kejì, lẹ́yìn -o. Jọ̀ọ́ má yọ -print ìparí yẹn, torí tí kò bá sí níbẹ̀, find máa fi -print tiẹ̀ sí gbogbo ẹ̀ pọ̀, orúkọ node_modules á tún jáde, wàá wá rò pé -prune ò ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni -delete, tó ń pa ohun tí find bá rí rẹ́. Inú fódà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó kan fódà fúnra ẹ̀, torí náà -prune ò lè dá a dúró. Tó o bá lo méjèèjì pọ̀, find ti GNU (èyí tó sábà máa ń wà lórí Linux) á kọ̀ fún ẹ, á ní àfi tó o bá fi -depth sí i, má fi sí i o! Ibí yìí gan-an ni -not -path ti wúlò, kó o sì kọ́kọ́ fi -print wo ohun tó fẹ́ pa rẹ́.

Ti grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, rọrùn:

grep -rn --exclude-dir=node_modules --exclude-dir=.git "login" .

Orúkọ fódà nìkan ni kó o fi síbẹ̀, src/vendor ò ní ṣiṣẹ́, vendor ni.

Ripgrep tí Andrew Gallant gbé jáde ní 2016 ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì bíi grep, rg sì ni àṣẹ ẹ̀. rg lásán ti ń ka .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí git máa fojú fò, fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń fo fáìlì tó fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀, bíi .env, torí náà tó o bá ń wá nǹkan tó o mọ̀ dájú pé ó wà tí rg ní kò sí, fi -uu sí i, kó lè wo àwọn tó ń fò náà, kó o tún wá a.