Ohun tí àwùjẹ̀ ọmọ mi kọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ 25 àti ọjọ́ 2 ni oyún mi wà nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Gíráàmù 740 ló wọ̀n, kò tó àpò ṣúgà kílò kan. Bí ẹ bá jókòó ti ínkubétọ̀, àpótí olóoru tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, lónìí, tí wọ́n sì ti sọ fún yín pé àwọn fẹ́ wo ọpọlọ ọmọ yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí.

Wọn kì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ̀rọ skáànù ni wọ́n máa ń tì wá bá a. Dókítà di ike jẹ́ẹ̀lì mú sínú àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti ọwọ́ bọ ihò ẹ̀gbẹ́ ínkubétọ̀, ó sì rọra gbé ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan lé àwùjẹ̀ ọmọ náà. Àwùjẹ̀ yìí kan náà tí màmá mi máa ń kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ tẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wo inú, torí egungun kò tíì bò ó. Ìró lásán ni ẹ̀rọ náà ń lò, kì í ṣe ìtànṣán bíi ti X-ray, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe é léraléra. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ará Iléṣà, sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé, "Ọmọ mi, fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ara rẹ̀ á balẹ̀." Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti ń ti ẹ̀rọ bọ̀, èmi náà á ti fọ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Nínú ọpọlọ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28, ibì kan wà létí àwọn yàrá omi inú ọpọlọ níbi tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń hù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìfúnpá bá ṣàdédé lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, ó lè já. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú orí rẹ̀ kó má wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọn kì í sì í gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè bí wọ́n bá ń pààrọ̀ páḿpáàsì.

Ọjọ́ kẹta ni ti ọmọ mi yọ. Dókítà kan pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wà, pé ìpele kejì ni, ni wọ́n bá pè é, ló bá lọ. Mo gbé fóònù mi, mo ń ka íntánẹ́ẹ̀tì di ìdájí. Ìpele kẹrin ni gbogbo ohun tí mo ń kà, èmi ò sì mọ̀. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ni ọkọ mi ti bá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba èsì lórí ìdúró. Ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó, ẹ fẹ́ fojú rí àwòrán náà. Lọ́jọ́ kejì ni kọnsọ́tàǹtì, dókítà àgbà, wá fi ìka tọ́ka rẹ̀ fún wa. Ní ìpele kìíní, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò níbi tó ti yọ. Ní ìkejì, ó ti wọ yàrá omi, ṣùgbọ́n yàrá náà kò fẹ̀. Ní ìkẹta, ó ti fẹ̀. Ní ìkẹrin, ó ti kan ẹran ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní ìpele kìíní àti ìkejì ló ń dàgbà láìní ìṣòro ńlá. Ká ní ẹnì kan sọ gbólóhùn kan yẹn fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀!

Ọjọ́ kẹjọ, tó yẹ ká sọ ọmọ lórúkọ, bọ́ sí ọjọ́ skáànù. Oyin kò lè kan ahọ́n rẹ̀. Màmá mi ń kì í láti orí fóònù n'Ibàdàn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá: "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi." Dókítà dúró kó parí kó tó fa ẹ̀rọ wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì lè dí ọ̀nà omi inú ọpọlọ, tí àwọn yàrá náà á wá máa fẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń wọn fífẹ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní mìlímítà, wọ́n sì ń fi téèpù yí orí rẹ̀ ká. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tó pé àti iye tí wọ́n pè. Lọ́jọ́ kan, dókítà tuntun wò ó, ó ní yàrá òsì ti fẹ̀ sí i. Mo ṣí ìwé mi: iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ó tún un wọ̀n, ó ní òótọ́ ni, kò yí padà. Ẹ ra ìwé.

Bí skáànù àkọ́kọ́ bá sì mọ́, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ má gbàgbé èyí tó kù. Ìpalára kan wà tó máa ń ṣe apá funfun inú ọpọlọ, tó jẹ́ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ihò rẹ̀ tó hàn. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe ti nǹkan bí oṣù kan, àti èyí tó máa ń wáyé nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an bá kù díẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbé àwòrán ọjọ́ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọpọlọ náà tẹ́jú bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Nínú ti ìkẹyìn, ebè àti poro ló kún un, bí oko tí wọ́n ti kọ tán. Inú ínkubétọ̀ níbẹ̀, lójú wa, ló ti kọ gbogbo ebè yẹn.

Kọnsọ́tàǹtì sọ fún wa pé skáànù kò lè sọ bí ọmọ ṣe máa rìn tàbí bí ó ṣe máa sọ̀rọ̀, pé MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, máa ń rí ohun kéékèèké tí skáànù lè má rí. Nítorí náà a ò pa àyẹ̀wò ìdàgbàsókè kankan jẹ. Ọjọ́ tó yẹ kí n bí i ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo bí i. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn, a sì ń bá a ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ wa láràárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fi òróró pa orí rẹ̀, mo wá àwùjẹ̀ náà tì. Ó ti pa.