Iyawó

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ mi gbé wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di iṣẹ́ gbogbo ilé. Olùkọ́ Sípáníìṣì wọn ní kí kálukú mú orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, kí ó fi àṣà ibẹ̀ wé ti ilé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré mú Mẹ́síkò àti Sípéènì. Kúbà ló kàn án, inú rẹ̀ ò sì kọ́kọ́ dùn sí i.

Lálẹ́ òní ó pè mí láti yàrá: "Mọ́mì, ẹ wá wò ó. Wọ́n ń pe ọkùnrin ní ìyàwó níbí."

Ọkùnrin inú àwòrán náà wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Iyawó ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà ní Kúbà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ọdún kan gbáko ni yóò sì fi máa wọ funfun. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi, n kò rí èsì fún un. Mo pe bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní, "Ṣé o ò rí àwọn adóṣù Ṣàngó tó ń dirun bí obìnrin nígbà tó o wà ní kékeré ni? Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n." Mo rí wọn dáadáa. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo dé London, tí iṣẹ́ Sípáníìṣì ọmọ mi bi mí.

Ti obì ló wọ̀ mí lára jù. Àgbọn ni wọ́n ń pè ní obí lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké ò rí obì àbàtà, ni wọ́n bá gé àgbọn sí mẹ́rin bí awẹ́ obì, wọ́n fi ń bi òrìṣà léèrè. Ọdún 1886 ni oko ẹrú dópin ní Kúbà. Àgbọn náà ṣì ń jẹ́ obí títí dòní. Omijé bọ́ lójú mi, ọmọ náà sì fara tì mí láìsọ̀rọ̀.

Níbi ìkíni, ohun tí mo ti ń ṣàlàyé fún un láti kékeré yé e lójijì. "You" kan náà lèdè Òyìnbó ń lò fọ́ba àti fọ́mọ ọwọ́. Sípáníìṣì ní tú, ó sì ní usted. "Ṣé usted ni 'ẹ'?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó rí i kà pé tú pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Kúbà, àní fún ẹni tí wọn ò tíì mọ̀ dáadáa. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló to ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì sórí páálí: Changó, Ṣàngó, iyawó, ìyàwó. Ó tẹjú mọ́ wọn títí. Ó ní ibi tí ará Kúbà fi àmì sí ni ohùn tiwa náà ti ń lọ sókè. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni.

Kò fẹ́ràn àmì ohùn rí. Báyìí ó ti mú bírò pupa, ó ń fi àmì sí orúkọ tirẹ̀ lókè páálí, ó ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń lọ sókè ni àbí sísàlẹ̀.