Ìgbín Ló Jẹ Ẹ́

"Ẹ ní kí ló jẹ ẹ́, sà?"

Ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní kóòtù gbọ́wọ́ kúrò lórí ohun tó ń tẹ̀, ó wò mí láti fìlà dé bàtà. Ọmọ tí mo bí jù ú lọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Èèyàn bíi mẹ́fà ló tò sẹ́yìn mi, gbogbo wọn ló sì ṣàdédé dákẹ́, bí ẹni tí ìròyìn aago mẹ́rin fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbín," mo rọra sọ ọ́ lábẹ́ ètè.

"Mi ò gbọ́ yín, sà."

"Ìgbín! Ìgbín ló jẹ ẹ́!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó sáré fi ikọ́ bò ó.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ẹ ó ní arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàrán.

Ọdún 1991 ni mo wọṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwa ọmọ Èkìtì palẹ̀ ẹrù mọ́, a gba Adó lọ, rẹ́jísírì ni wọ́n sì fi mí sí. Ibẹ̀ ni mo wà látìgbà náà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní rẹ́jísírì, fáìlì ni. À ń tọ́jú fáìlì, à ń wá fáìlì, à ń bá ẹni tó sọ fáìlì nù jà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ gún ọmọkùnrin kan lára rí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ó gbé ife tíì lé fáìlì lórí. Ẹ fi ọmọkùnrin yẹn sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé béèyàn bá pé ọgọ́ta ọdún láyé, tàbí tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kó máa lọ sílé. Ọdún 35 ló kọ́kọ́ bá mi. Mo kọ̀wé oṣù mẹ́ta sílẹ̀ bí ìlànà ṣe wí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé.

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ń ta ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà níwájú ilé wa ní Bàsírì. Láti bí ọgbọ̀n ọdún, aago méje àárọ̀ kì í bá mi nílé. Òun ló mọ ilé, èmi mọ ọ́fíìsì, àlàáfíà sì jọba. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sílé, mo wo ilé ìdáná, mo rí i pé kò sí ètò kankan níbẹ̀. Mo gé bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ike: iyọ̀, 001; irú, 002; ata gbígbẹ, 003. Mo so ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ẹni tó bá mú ọ̀bẹ kó kọ orúkọ àti aago tó mú un. Ó fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Bàbá Ìbejì," ó ní lọ́jọ́ kẹrin, ohùn rẹ̀ sì tutù débi tó fi bà mí lẹ́rù, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wá nǹkan ṣe. Mi ò ní buwọ́ lùwé kí n tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nínú ilé ọkọ mi."

Mo wá nǹkan ṣe. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún àwa tí a fẹ́ fẹ̀yìn tì ni mo ti gbọ́ nípa ìgbín. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ adìyẹ, ọ̀kan sọ̀rọ̀ ẹja, orí mi kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin onígbìn-ín dìde, ó ní ewé ìbẹ́pẹ àti ewé kókò ló ń jẹ, ó ní ká máa lọ èèpo ẹyin fún un kí ìkarahun rẹ̀ lè le, ó ní kò sí pé à ń wá akọ à ń wá abo, nítorí ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń yé ẹyin. Ó wá ní: kì í ké, kì í jà, kì í sáré.

Kì í sáré! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Orúnkún mi ò gba àré mọ́. Adìyẹ á fò, ewúrẹ́ á já okùn, ẹja gan-an á yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìgbín ńkọ́? Ibo ló ń lọ?

Ojú ọ̀nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni mo ti rà wọ́n. Mo ra 35, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan tí mo fi sin ìjọba. Obìnrin tó tà á béèrè bóyá ìnáwó ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní rárá, òwò ni. Ó wò mí tàánútàánú, ó fi ẹyọ kan ṣe ènì, mo dá a padà fún un nítorí pé ì bá ba ìṣirò mi jẹ́. Nígbà tí mo délé, mo to táyà àlòkù mẹ́ta léra wọn lẹ́yìn ilé, mo da ilẹ̀ tútù sí i, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́mbà sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn, láti 1 dé 35. Mo sì ṣí fáìlì fún wọn.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfi nọ́mbà 22. Gbogbo ìgbín yòókù á sùn lọ́sàn-án, 22 á na ìwo méjèèjì síta, á máa wò mí. Mo ti fura sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni aládùúgbò wa pè mí lórí ògiri pé ìjàlọ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé òun. Ẹni tó bá mọ ìjàlọ mọ̀ pé bí wọ́n bá dé bá ìgbín, ìkarahun nìkan lonílé máa bá láàárọ̀. Mo sáré kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ (ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mo rìn), mo gbé wọn wọ yàrá tí a ń kó ẹrù sí, mo fi irin iwájú fáànù tó ti bàjẹ́ dé wọn.

Ìyá Ìbejì fi orí yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé òkúta lé e lórí."

"Ìgbín ni," mo ní, "kì í ṣe ìgárá ọlọ́ṣà."

"Ẹ bá mi gbé páálí ìwé yín kúrò nílẹ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin."

Inú páálí yẹn ni gbogbo ìwé ìfẹ̀yìntì mi wà: ìwé ìgbàsíṣẹ́, àwọn ìwé ìgbéga, ìwé ọjọ́ orí, gbogbo rẹ̀ pátá, tí mo ti tò ní ẹsẹẹsẹ dè Ọjọ́ Ajé. Mo yíjú sí i, mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Ìbejì," mo ní. "Ọdún 35."

Kò fèsì. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Òjò rọ̀ lóru, òjò tó ń kù lórí páànù. Ìgbà tó dá, mo gbọ́ nǹkan tó ń họ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fi èékánná ha bébà. Mo ní eku ni, mo yíjú sógiri. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ "kẹ́kẹ́!" nínú pálọ̀, igbe sì tẹ̀lé e.

Ìyá àna mi ni, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni. Kò síná, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi jáde, nǹkan sì fọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Kí n tó wá ìró mi dì, Màmá ti pe orúkọ Jésù, wọ́n ti pe ti bàbá wọn, wọ́n ti ń pe ti àwọn tí mi ò mọ̀ nílẹ̀ Ìjerò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Èmi náà kò mọ ohun tí mo ń wò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ògiri ń dán. Ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ mànà gba orí rẹ̀ kọjá, ó lọ, ó bọ̀, ó yí po, bí ẹni pé ọmọdé fi fàdákà ya á. Ọ̀kan wà lórí kàlẹ́ńdà, níbi tí mo fi bírò pupa yí ọjọ́ tí mo máa fẹ̀yìn tì po. Méjì wà lára fíríìjì. Ọ̀kan dúró pa lórí fọ́tò ìgbéyàwó wa, lójú imú mi gan-an, kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ìyàwó mi.

"Ùgbín ni!" Màmá kígbe, bí a ṣe ń pè é nílé, ohùn wọn sì yí padà pátápátá. Mo ṣèlérí fún yín, obìnrin tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti ọdún tó kọjá ju ọ̀pá sílẹ̀. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìgbín bí ọmọ ọdún méjìlá tó wọ igbó lẹ́yìn òjò. Wọ́n mọ ibi tí ìgbín ń fara pamọ́ sí: abẹ́ àga, ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, inú bàtà tí mo ń wọ̀ lọ ṣíṣẹ́. Èmi tí mo ra ìgbín rí mẹ́rin. Wọ́n rí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí àyà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ yẹ fáìlì wọn wò, ẹ wò ó bóyá wọ́n buwọ́ lùwé kí wọ́n tó jáde."

Ó ku mẹ́rin, bí a bá ka èyí tí Màmá tẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń wá wọn ni mo ti ṣí páálí.

Mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí ìwé mi bí ìgbìmọ̀. Nọ́mbà 22 ló wà láàárín. Wọn kò fọwọ́ kan ìwé ìgbéga kankan. Wọn kò wo ìwé ọjọ́ orí. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi, tó ti pupa nítorí ọjọ́, ló wà lókè, ilẹ̀ tó rin sì ti mú kó rọ̀. Àyè tí wọ́n jẹ níbẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọjọ́ àti ọdún tí mo wọṣẹ́ ni. Orúkọ mi wà, ibi tí wọ́n gbà mí sí wà, ó wá kan "láti ọjọ́", ihò. Mo gbé e sókè, mo sì rí ojú ìyá àna mi láti inú rẹ̀.

"Ohun tó bá jẹ ìwé," Màmá ní, "àwa náà á jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Ìbejì fọ́ ìdí àwọn mẹ́ta ọ̀hún àti èyí tí Màmá tẹ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí ara wọn kò fi yọ̀ mọ́, ó sè wọ́n sínú ẹ̀fọ́. Èmi ni mo gúnyán. Mo fi ìbínú gún un, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Mo mọ 22 nígbà tí mo kàn án, ó le ju àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwa afẹ̀yìntì gbé tèmi sókè síhà fèrèsé. Ó ní, "Bàbá, eku la máa ń gbọ́. Ikán náà, a máa ń gbọ́ ọ." Ó ní kí n lọ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá láti inú fáìlì mi ní rẹ́jísírì, kí n sì gba ìwé ìbúra kóòtù mọ́ ọn.

Ẹ ti mọ ẹni tí mo bá ní rẹ́jísírì. Ọmọkùnrin oníife tíì yẹn ni, òun ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó gbé àga fún mi, ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi láì rẹ́rìn-ín, ọ̀wọ̀ kún ojú rẹ̀. Mo nawọ́ gba fáìlì.

"Ọ̀gá mi," ó ní, ó fa fáìlì sẹ́yìn díẹ̀, "ẹ kọ̀wé béèrè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Mo kọ ọ́. Ó kà á, ó ní mi ò fi déètì sí i.

Bí mo ṣe dé iwájú ọmọbìnrin kóòtù nìyẹn. Ó pàpà tẹ̀ ẹ́: pé èmi, ọkùnrin, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, onígbàgbọ́, tí mò ń gbé ní Adó-Èkìtì, fi ìbúra sọ pé èmi ni mo ni ìwé ìgbàsíṣẹ́ yìí, àti pé ìgbín jẹ apá kan rẹ̀ nínú ilé mi. Ó kà á sókè kí n lè mọ̀ bóyá ó pé. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà mọ̀ pé ó pé.

Ó wá dáwọ́ dúró. "Ìgbín ọ̀hún ńkọ́, sà? Ó wà lọ́wọ́ yín?"

"A ti jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"Pẹ̀lú iyán."

Ó wo ìwé náà, ó wò mí, kò tẹ ìyẹn sí i. Ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó dùn, sà?"

Mo ní ó dùn, ó kàn le díẹ̀.